Sẹ̀rámíìkì lára mọ́tò: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é fúnra yín nílé tí ò ní yọ àbàwọ́n

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra sẹ̀rámíìkì kótìn, ìyẹn nǹkan olómi inú ìgò kékeré tí wọ́n ń fi pa ara pẹ́ńtì mọ́tò kó lè gan mọ́ ọn, tí wọ́n sì fi sára mọ́tò fúnra wọn nìyí: lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, mọ́tò á máa dán gbinrin, inú wọn á dùn, ọjọ́ kejì tí oòrùn bá wá ràn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ibì kan dúdú ju ibì kan lọ, ojú ibi tí wọ́n gba aṣọ kọjá hàn kedere. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò ní lọ, wọ́n á gba aṣọ sí i títí ọwọ́ á fi máa ro wọ́n, kò ní lọ. Wọ́n á wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́ o, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nínù ló fa wàhálà yẹn. Ẹni tó fi í sí i ò tètè nù ún, tàbí kò nù ún tán, ó sì ti gan mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "títí láé" tí wọ́n ń kọ sára páálí yẹn náà, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa, tí wọ́n fi sí i bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ń tọ́jú mọ́tò, ọdún 2 sí 5 ló ń lò. Ohun tó fi yàtọ̀ sí wax, ìyẹn ìpara tó ń mú mọ́tò dán, ni pé ọṣẹ ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, àfi kéèyàn fi pọ́líìṣì ha á. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, eruku ni o, ìlà ni o, ọ̀dà títì ni o, ẹ ti tì í mọ́bẹ̀. Kì í sì í ṣe ìhámọ́ra. Ọlọ́kadà tó bá fẹ́ fi hándù ha mọ́tò yín ní Ojúẹlẹ́gba á ha á. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé omi àti ẹrẹ̀ ò ní lè dì mọ́ mọ́tò, oòrùn ò ní tètè jẹ pẹ́ńtì, fífọ̀ á sì rọrùn gan-an.

Ẹ yẹ mọ́tò yín wò ná kẹ́ ẹ tó náwó

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun mọ́tò yín, ẹ dúró. Àwọn kẹ́míkà inú pẹ́ńtì tuntun ṣì ń jáde, tẹ́ ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀ ó lè wú tàbí kó ṣú. Oṣù 1 ló kéré jù, àmọ́ èyí tí àwọn pẹ́ńtà wa kùn sí ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n jẹ́ kí oòrùn gbẹ, ẹ fún un ní oṣù 3. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti tún ibì kan kùn lára ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín.

Ẹ wo kílíà náà, ìyẹn èyí tó ń dán lórí àwọ̀. Tó bá ti ń ṣí lórí rúùfù tàbí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sẹ̀rámíìkì ò lè tún un ṣe, pẹ́ńtà lẹ máa wá lọ. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá kílíà wà níbẹ̀ rárá, ẹ fi aṣọ funfun àti pọ́líìṣì díẹ̀ ra ibi kọ́lọ́fín kan. Tí àwọ̀ mọ́tò bá wá sára aṣọ, kò sí kílíà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣì lè fi sẹ̀rámíìkì sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi máṣíìnì pọ́líìṣì jókòó lé e.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Sẹ̀rámíìkì, ìgò 30ml á tó mọ́tò bíi Corolla, jíìpù ńlá ẹ ra 50ml. Ẹ ra èyí tí ìwé àlàyé wà nínú páálí ẹ̀ tí wọn ò sì tíì ṣí rí, torí tí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú ìgò, ó ti ń gan nìyẹn.
- Fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń fi í sí i àti àwọn aṣọ suede kéékèèké tí wọ́n ń wé mọ́ ọn. Ó sábà máa ń wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kì í tó, ẹ ra mẹ́fà sí i.
- Táwẹ́lì microfibre tuntun, 12 ó kéré jù, tẹ́ ẹ ti fọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìfi nǹkan tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i.
- Ṣàm̀púù mọ́tò, garawa méjì, ìbọ̀wọ́ ìfọmọ́tò.
- Iron remover (tó ń yọ èérún irin), tar remover (tó ń yọ ọ̀dà títì), clay bar (nǹkan rírọ̀ bí amọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí tó dì mọ́ pẹ́ńtì kúrò).
- Pọ́líìṣì àti máṣíìnì DA, ìyẹn máṣíìnì pọ́líìṣì tó ń yí tó sì ń mì, tẹ́ ẹ bá rí i yá.
- Isopropyl alcohol 70% láti ilé oògùn, àti omi bátìrì. Èyí tó jẹ́ omi lásán ni mò ń wí o, kì í ṣe ásíìdì tí wọ́n ń dà sínú bátìrì tuntun, ẹ ka ara ìgò dáadáa.
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gidi, ti fóònù ò tó. Ìbọ̀wọ́ ọlọ́rá, ìbòmú, téèpù bébà.

Ìgbà wo, níbo

Ìwé inú páálí sábà máa ń ní kẹ́ ẹ ṣe é láàárín 10 sí 25 dìgírì. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, àárọ̀ kùtù nìkan lẹ lè rí nǹkan tó sún mọ́ 25 yẹn. Ooru ń mú kó tètè gan, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà ń mú kó tètè gan, àwa sì ní méjèèjì. Torí náà ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e, ojú yín lẹ máa lò.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, tí òjò ti ń dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ ò sì tíì kó eruku dé. Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ ibòji láti alẹ́ kí ara ẹ̀ tutù mọ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ, kẹ́ ẹ sì ti parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibi tó ní òrùlé àti ògiri ló dáa jù. Kànópì lásán ò burú tí atẹ́gùn ò bá sí, àmọ́ ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yí mọ́tò ká kí eruku má dìde. Ẹ má tan fáànù sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn ẹ̀fọn nítòsí. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, torí èéfín ẹ̀ àti torí pé nǹkan inú ìgò yìí àti alcohol yẹn lè gbiná.

Ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ pín in sí. Ọjọ́ kìíní, ìgbésẹ̀ 1 sí 4. Ọjọ́ kejì, ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó máa rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi tó ṣe pàtàkì jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Fífọ̀

Garawa kan fún ọṣẹ, ìkejì fún omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan ìbọ̀wọ́ kó tó padà sínú ọṣẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rúùfù wá sísàlẹ̀, táyà àti ìdí mọ́tò ló kẹ́yìn. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀ẹ̀fun, ẹ má sì lo fóòmù tó ti ń gbé nílẹ̀ẹ́lẹ̀, yanrìn inú ẹ̀ ló ń ha mọ́tò. Tó bá jẹ́ omi bọ́họ̀lù lẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ gba táwẹ́lì sí i kíá, torí ohun tó wà nínú omi yẹn á fi àmì funfun róbótó sílẹ̀.

*Ẹ wò ó:* ẹ fi táwẹ́lì funfun nu ilẹ̀kùn kan. Tó bá dọ̀tí, ẹ tún un fọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Irin àti ọ̀dà

Ẹ fín iron remover sára mọ́tò tó ti tutù, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ibi tí èérún irin láti ara bíréèkì ti dì mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní àwọ̀ elésè àlùkò, òórùn ẹ̀ ò dáa rárá, ẹ lo ìbòmú. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn, ẹ da omi sí i.

Ọ̀dà títì, ẹ wò ó lẹ́yìn táyà àti nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tó-tò-tó dúdú. Ẹ fi tar remover rin aṣọ, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tó nù ún. Karosíìnì tí àwọn kan ń lò á ká ọ̀dà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi òróró sílẹ̀, sẹ̀rámíìkì ò sì lè dì mọ́ òróró. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ dáadáa.

*Ẹ wò ó:* ẹ tún iron remover fín sí ibì kan. Kò gbọ́dọ̀ yọ àwọ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Clay bar

Ẹ gé e díẹ̀, ẹ pò ó títí á fi rọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ rin ara mọ́tò kó máa yọ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi clay yẹn rìn lé e lọ-bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ máa gbọ́ ọ tó ń há, tó bá yá ohùn ẹ̀ á dákẹ́, á sì máa yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Ẹ máa ká a po kí ojú tó mọ́ lè máa bọ́ síta. Tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa yanrìn kúrò lára ẹ̀.

*Ẹ wò ó:* ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá tó fẹ́lẹ́, ẹ fi ra ara mọ́tò. Ọ̀rá yẹn á jẹ́ kí ìka yín mọ ohun tí ọwọ́ òfìfo ò lè mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀ láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù.

Ìgbésẹ̀ 4: Pọ́líìṣì

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lókùnkùn, ẹ máa rí àwọn ìlà tín-ín-tín tó ń yí iná ká, iṣẹ́ àwọn tó ń fi aṣọ gbígbẹ nu mọ́tò yín ni. Sẹ̀rámíìkì ò ní bo ìlà yẹn, ńṣe ló máa jẹ́ kó túbọ̀ hàn, pàápàá lára mọ́tò dúdú. Tẹ́ ẹ bá ní máṣíìnì DA, ibi tó tó 50 sẹ̀ǹtímítà ní òòró àti ìbú lẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ rọra máa lọ, ẹ gbà á kọjá bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ lẹ téèpù mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti àwọn igun, pẹ́ńtì ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Máṣíìnì rótárì tí àwọn pẹ́ńtà ń lò, ẹ má fọwọ́ kàn án tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n lò.

Ẹni tí ò bá ní máṣíìnì, kó fi ọwọ́ àti pọ́líìṣì tó rọ̀ ṣe é. Gbogbo ìlà ò ní lọ, ṣùgbọ́n á dáa ju tẹ́lẹ̀ lọ.

*Ẹ wò ó:* ẹ fi alcohol (bẹ́ ẹ ṣe máa pò ó wà ní Ìgbésẹ̀ 5) nu ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì. Òróró inú pọ́líìṣì máa ń dí ojú ìlà fún ìgbà díẹ̀, ó ń tan èèyàn jẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Alcohol (ọjọ́ kejì, láàárọ̀)

Ìwọ̀n alcohol 70% kan sí ìwọ̀n omi bátìrì mẹ́ta, nínú ìgò tó ń fín. Ẹ fín in sí aṣọ, ẹ nu gbogbo ara mọ́tò, ẹ yí aṣọ padà, ẹ tún un nù. Ẹ má gbàgbé àyíká hándù ilẹ̀kùn àti etí búùtù, pọ́líìṣì máa ń farapamọ́ síbẹ̀. Látìgbà yìí lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kan mọ́tò yẹn mọ́, àwọn ọmọdé náà, ẹ bá wọn sọ ọ́.

*Ẹ wò ó:* aṣọ á máa wọ́ díẹ̀ lójú pẹ́ńtì, kò ní máa yọ̀ mọ́. Tó bá ṣì ń yọ̀, òróró ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Fífi sẹ̀rámíìkì sí i

Ìdí tá a ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà àtẹ̀yìnwá nìyí, ẹ má kánjú.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ mi ìgò. Ẹ wé aṣọ suede mọ́ fóòmù, ẹ kán an sí i ní ìlà kan, ẹ̀kán bíi 8 sí 10, ìgbà àkọ́kọ́ ẹ kán an lé díẹ̀ torí aṣọ gbígbẹ á mu nínú ẹ̀. Ẹ dé ìgò padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní gbogbo ìgbà.

Ibi tó kéré ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo máa mú, kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ń ṣe lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó dé ibi tí gbogbo ayé ń wò. Ní afẹ́fẹ́ tiwa yìí, ẹ má mú ju 40 sẹ̀ǹtímítà sí 40 lọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ á ti gan kẹ́ ẹ tó fi í dé òpin. Ẹ fà á ní ìbú lọ-bọ̀, kẹ́ ẹ wá fà á ní òòró, kí ìlà kan gun èkejì díẹ̀ kí àlàfo má sí. Kó fẹ́lẹ́ o. Èyí tó pọ̀ kì í jẹ́ kó lágbára sí i, iṣẹ́ nínù nìkan ló ń fi kún.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí iná tọ́ọ̀ṣì gba ibẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí i, á rí bí omi tó tutù lójú ẹ̀. Tó bá yá, àwọ̀ oríṣiríṣi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ẹ̀, bí ìgbà tí bẹntiróò bá dà sójú omi, pupa díẹ̀, búlúù díẹ̀, á sì máa ṣe bí ẹni pé ó ń là wẹ́wẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ máa nù ún nìyẹn. Ìwé lè sọ pé ìṣẹ́jú 1 sí 3, ọ̀sán tiwa lè mú un wá sí ìṣẹ́jú àáyá 30, ilẹ̀kùn méjì lára mọ́tò kan náà sì lè yàtọ̀ tí oòrùn bá ti yọjú sí ọ̀kan.

Ẹ lo táwẹ́lì méjì. Èkíní máa kó èyí tó pọ̀ kúrò, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n pé ó ń lẹ̀. Ìkejì, kó mọ́, kó rọ̀, ẹ fi nu ibẹ̀ títí tí ọwọ́ á fi máa yọ̀ lọ geere láìsí ibi tó dì í mú. Ẹ nu etí ẹ̀ kọjá díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, torí etí yẹn làbàwọ́n máa ń kù sí jù. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ibi tó kàn, ẹ jẹ́ kó gun èyí tẹ́ ẹ ti ṣe ní bí ìka méjì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣàṣìṣe jù nìyí: tẹ́ ẹ bá tètè nù ún, nígbà tó ṣì tutù, ńṣe lẹ kàn ń kó o kúrò, kò ní sí nǹkan lórí pẹ́ńtì. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, á ti le, aṣọ á máa wọ́ gan-an, kò ní fẹ́ lọ. Tó bá ti pẹ́, ẹ má fipá nù ún. Ẹ tún kán díẹ̀ sára fóòmù, ẹ fi ra ibẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á yọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ wá nu méjèèjì pọ̀ kíá. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, èyí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ suede lẹ́yìn ilẹ̀kùn méjì-méjì, torí ó ń gan sí i lára, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha mọ́tò. Táwẹ́lì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wọ́n pamọ́ pé ẹ máa fọ̀ wọ́n lọ́la, ohun tó gan sínú wọn ò ṣeé fọ̀ mọ́. Ẹ lò wọ́n fún ẹ̀rọ tàbí kẹ́ ẹ dà wọ́n nù.

Gíláàsì iwájú, ẹ fi sílẹ̀, wípà á máa gbọ̀n lórí ẹ̀. Iná iwájú àti rímù ṣeé fi sí. Róọ̀bà àti pílásítíìkì dúdú, ẹ ka ìwé inú páálí bóyá ó gbà á, tí kò bá gbà á ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn.

*Ẹ wò ó:* lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá parí gbogbo mọ́tò o, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ dúró ní apá ọ̀tún wò ó, kẹ́ ẹ tún lọ sí apá òsì. Ibi tó bá kù á hàn bí ìlà dúdú tó ṣú, ó sábà máa ń gùn tó ìka kan. Ẹ nù ún nísinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìpele kejì, tẹ́ ẹ bá fẹ́

Kì í ṣe dandan. Tí ìgò bá kù, ẹ dúró iye wákàtí tí ìwé sọ kẹ́ ẹ tó fi èkejì sí i. Ohun tó dáa jù nínú ẹ̀ ni pé ó ń bo ibi tẹ́ ẹ fò nígbà àkọ́kọ́. Tó bá ti ń rẹ̀ yín, tàbí tí ọ̀sán ti pọ́n, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Kó gan

Wákàtí 24 àkọ́kọ́, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án, ìrì náà wà nínú ẹ̀, torí náà kó sun abẹ́ òrùlé. Tí òjò bá ká yín mọ́, ẹ má nù ún, ẹ fi táwẹ́lì tó mọ́ tẹ omi yẹn gbẹ kó tó gbẹ fúnra ẹ̀. Ọjọ́ 7 gbáko, kò sí ọṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò lójú títì. Ẹ lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ kejì.

*Ẹ wò ó:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ da omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á ṣù róbótó, á sì yára yí dànù. Ibi tí omi bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tó dúró gbári, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ torí ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, tó bá ṣì dúró, ẹ ò fi sẹ̀rámíìkì débẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi alcohol nu ibẹ̀, ẹ fi kún un.

Tẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n dúdú lẹ́yìn tó ti gan tán, alcohol ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fi pọ́líìṣì àti fóòmù kékeré ra ojú ibẹ̀ nìkan, á kúrò, sẹ̀rámíìkì ibẹ̀ náà á sì bá a lọ, ẹ wá fi tuntun sí i. Torí èyí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ máa dé ìgò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí díẹ̀ lè kù tó ṣì dáa fún bí ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ti ń nípọn tàbí tó ní èérún funfun nínú, ẹ má fi sára mọ́tò mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn

Ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì pẹ̀lú ṣàm̀púù àti garawa méjì yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹlòmíì fọ̀, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́ àti táwẹ́lì tiyín. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máńgòrò ṣì lè jẹ ẹ́ wọlé, pàápàá nínú oòrùn, torí náà ẹ máa gbé omi píọ̀ wọ́tà kan àti aṣọ rírọ̀ sínú búùtù, ẹ da omi sí i kó rọ̀ ná, ẹ wá gbé e kúrò láìfi ra á.